Ẹ̀rí Tí Màmá Tiwátọ́pẹ́ Béèrè

Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ kiri láti Ìfọ́n dé Ọ̀wọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ló ba ìgbéyàwó Akínfẹ́mi jẹ́. Irọ́ gbuu ni. Ìmọ́lẹ̀ ò mọwọ́, ò mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi Àbẹ̀ẹ́bí ni alárinà wọn, èmi ni mo mọ bó ṣe jẹ́, n ó sì sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi lè mọ ìdí tó fi ń bú mi.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ni Akínfẹ́mi. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀wọ̀ ló sì dàgbà sí. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un, èmi ni mo ń nà án, èmi náà ni mo sunkún jù nígbà tí wọ́n fún un ní sikọ́láṣípù lọ sí Jámánì. Ibẹ̀ ló ti gboyè dókítà, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà ìwé. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kò yé mi. Bí àwọn aládùúgbò bá bi mí, iṣẹ́ iná ni mo máa ń pè é.

Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni mo tó mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wá ṣe Kérésì, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìfọ́n sì ní kó wá bá àwọn ọmọ kíláàsì àgbà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ọlidé. Mo bá a lọ. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń fi bébà fẹ́ ara mi.

Ó ní, "Ihò kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Inú rẹ̀ la ti ń lé àwọn ẹ́lẹ́kitíróònù sáré. Bí wọ́n bá sáré débi tí a to mágínẹ́ẹ̀tì sí lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á máa yà sọ́tùn-ún, wọ́n á máa yà sósì, bí wọ́n sì ṣe ń yà bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ẹ́síréè á máa jáde lára wọn. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà á jọ máa rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Òun la ń pè ní lésà. Kò sí ìmọ́lẹ̀ ẹ́síréè kankan láyé tó mọ́lẹ̀ tó o."

Ó ní àwọn máa ń mú purotéènì ara kòkòrò ibà Lásà, wọ́n á sọ ọ́ di èérún dídán tó kéré gan-an ju iyọ̀ lọ, wọ́n á sì fi í sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà. Bí mo ṣe gbọ́ Lásà ni mo dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró. Ta ni kò mọ Lásà ní Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀? A ti sin èèyàn níbẹ̀ ju kí ẹnikẹ́ni máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lọ. Ó ní bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti kan èérún yẹn, yóò fọ́ yángá, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ á ti jáde kó tó fọ́. Àwòrán yẹn ni wọn yóò fi mọ ibi tí oògùn lè dì mọ́ lára kòkòrò náà.

Tíṣà kan nàwọ́. Físíìsì ló ń kọ́ wọn, ọmọbìnrin dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dákun sà. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti fọ́ ọ kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n, kí ló wá kù sí yín lọ́wọ́?"

"Àwòrán rẹ̀."

"Ẹni tó jẹ́ pé nǹkan náà gan-an ló fẹ́ ńkọ́ sà, tí kì í ṣe àwòrán?"

Àwọn ọmọ kíláàsì pariwo ẹ̀rín. Dókítà mi tó ń sọ èdè Jámánì bí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Bí a ṣe wọ àgbàlá ní Ọ̀wọ̀ ló sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ta ni?"

Tiwátọ́pẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Kí Akínfẹ́mi tó padà, wọ́n ti ríra lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì jókòó sí yàrá kejì tí mò ń wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá bàjẹ́ ní Ìfọ́n, ọmọ náà á wọkọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀ nítorí kó lè gbóhùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rí ìfẹ́ rí o, èmi náà ti ṣe é rí, ṣùgbọ́n tiwọn yẹn ń dá mi lóró.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni mo lọ bá àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Boniface, katikíìsì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń tọrọ gáfárà kó tó sín. Ìyá rẹ̀ lọ́rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ Ìmẹ̀rì ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ mi tán, ó bu omi fún mi, ó wá ní:

"Àbẹ̀ẹ́bí, iṣẹ́ wo lẹ ní ọmọ yín ń ṣe?"

"Ìwádìí ni, Mà. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ẹ́síréè wádìí oògùn Lásà."

Obìnrin náà gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. "Ẹ́síréè kẹ̀? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin tó ń ya ẹ́síréè níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, báàjì kan máa ń wà láyà rẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó wọ̀ ọ́ lára. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi gbé ìyàwó sílé, a ò gbọ́ ẹkún ọmọ níbẹ̀ rí. Ọmọ kan ṣoṣo yìí ni Ọlọ́run fún èmi. N kò ní fà á fún ọkùnrin tí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ nǹkan inú ara rẹ̀ tán."

"Mà, kò rí bẹ́ẹ̀..."

"Kó fi ẹ̀rí hàn. Kí oyún kọ́kọ́ dúró. Ọjọ́ tí oyún bá dúró ni kí ẹ gbé owó orí wá."

"Nílé katikíìsì?" ni Boniface sọ, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ.

"Ẹ̀yin ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Èmi ń wá ọmọ-ọmọ."

Kì í ṣe òun nìkan ló ń béèrè irú rẹ̀ láyé ìsinyìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ikùn wọn máa ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ló sábà máa ń béèrè. Èyí jẹ́ ìyá ìyàwó, ìyẹn ló fi dùn mí.

Akínfẹ́mi bínú. Ó ní kí n pe obìnrin náà sórí fídíò kí òun fẹnu ara òun ṣàlàyé fún un. Èèyàn kì í rán irú rẹ̀ níṣẹ́ ẹjọ́.

"Màmá, kò sẹ́ni tó máa ń wà nínú yàrá náà bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bọ̀. A ó kọ́kọ́ wo gbogbo kọ̀rọ̀, a ó tẹ bọ́tìnnì ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á máa pariwo pé kí ẹni tó bá kù jáde, a ó wá ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, ìmọ́lẹ̀ náà á kú fúnra rẹ̀. Yàrá mìíràn la máa ń wà ní tiwa, à ń wo kọ̀ǹpútà, à ń mu kọfí."

Màmá Tiwátọ́pẹ́ yí ojú sí mi. "Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n sá fún un, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa pariwo. Ṣé ohun tí kì í pani la máa ń sá fún báyẹn?"

Ká ní Dókítà ti purọ́ pé gílóòbù lòun ń tà ni, ìyàwó ì bá ti délé.

Ó ní kí àwọn lọ sí kọ́ọ̀tù ṣe ìgbéyàwó, kí ó mú Tiwátọ́pẹ́ lọ sí Jámánì. Ọmọ náà kọ̀. "Èmi nìkan ni wọ́n bí, Akin. N kò lè jáde nílé bí olè." Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí tí ìyá rẹ̀ béèrè ṣe di nǹkan tí àwọn méjèèjì gbà láti wá.

Ẹ fojú inú wò ó. Ìfẹ́ tó ń mú ọkàn wọn gbóná tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ àṣelàágùn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Akínfẹ́mi rí gbà níbi iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá. Wọ́n sùn nílé mi, èmi ni mo ń se ọbẹ̀, tí mò ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Kò sí nǹkan kan. Ó tún wá lọ́dún Àjíǹde, 2024, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n pè é láti Jámánì pé àwọn kan tí wọ́n fún ní ìmọ́lẹ̀ kò lè wá mọ́, kí ẹgbẹ́ tirẹ̀ bọ́ sí i. Wákàtí ni wọ́n fi ń pín ìmọ́lẹ̀ náà fún wọn, gbogbo ayé ló ń tọrọ rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ̀ lónìí lè máà rí i mọ́ títí ọdún méjì. Ó lọ. Tiwátọ́pẹ́ wo báàgì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Akin, èwo ni aya rẹ nínú àwa méjèèjì?" Akínfẹ́mi gbé báàgì náà kọ́ èjìká. Ọkọ̀ ti ń dúró.

Ìyá ọmọ wá fún wọn ní gbèdéke. Sylvanus, oníṣìmẹ́ǹtì kan ní Ìfọ́n tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti bí mẹ́rin, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ tirẹ̀. Bí oṣù Kẹsàn-án bá parí tí oyún kò dúró, àwọn èèyàn Sylvanus yóò wá tọrọ ọmọ, ó parí. Oṣù Keje ni Akínfẹ́mi tún wá, ọjọ́ mẹ́jọ. Ó padà ní ọjọ́ kẹrìnlá. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Tiwátọ́pẹ́ wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti dé." Nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń sọ.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa.

Mo ní, "Tiwá, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa. Bí ìyá ọmọ bá ti dárúkọ bàbá, n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò rí. Oyún ni màmá rẹ béèrè. Kò sọ ibi tí kó ti wá."

Ó tẹjú mọ́ mi títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ń sọ èyí? Àbúrò yín ni."

"Àbúrò mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Kò ní mọ̀. Bí o bá ti wọlé rẹ̀ tán, ẹ ó bí tirẹ̀ lé e."

"Bó bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa sọ fún un? Ṣé ìwọ ni àbí èmi?"

Ó sunkún, ó lọ. Ọjọ́ kẹta ó pè mí. Kò kí mi. Ó kàn ní, "Ta ni?" Èmi ni mo wá ọkùnrin náà. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ rẹ̀, ó ti kúrò ní Ọ̀wọ̀. Mo fẹ́ràn Akínfẹ́mi, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́jọ́ ìdána pé alárinà yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò lè purọ́ ìyẹn fún yín.

Oyún dúró. Màmá Tiwátọ́pẹ́ jó láti ìta dé yàrá. Èmi ni mo fóònù Jámánì. "Akínfẹ́mi, ó ti dúró o! Tiwá ti lóyún!"

Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn kan níbi tó wà. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, oṣù mélòó?"

"Ó ń lọ sí méjì. Ti oṣù Keje tí o wá nù-un."

"Ó dáa. Mò ń bọ̀."

Mo ní ayọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù Kẹwàá, Ọjọ́bọ̀, ló dé. Ìdána ku ọ̀tunla. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí n pe Tiwátọ́pẹ́ wá sí pálọ̀ mi. Mo fẹ́ jáde fún wọn, ó ní, "Ẹ dúró, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ so wá pọ̀." Mo dúró sẹ́yìn àga Akínfẹ́mi, tó kọjú sí Tiwátọ́pẹ́ àti tẹlifíṣọ̀n tí a ti pa. Ó di ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì mú.

"Tiwá, kí ẹbí tó pé jọ lọ́la, ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tí o fẹ́ sọ fún mi?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyíkéyìí. N kò ní bínú. Ohun yòówù kó jẹ́, àwa méjèèjì la máa gbé e."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ là. Ó gbójú sókè, ó wò mí láti orí èjìká Akínfẹ́mi, ó wò mí bí ọmọ ṣe ń wo ìyá rẹ̀ pé kí ni kí òun ṣe. Mo mi orí. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ó pa ẹnu dé. "Kò sí nǹkan kan, Akin."

Akínfẹ́mi mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi ni?"

"Ọmọ rẹ ni."

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó yọ ìwé kan nínú àpò, èdè Jámánì ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọ iléèwé. Oṣù Kẹjọ ló lọ ṣe àyẹ̀wò, kó lè rí ìwé tí yóò fi pa Màmá Tiwátọ́pẹ́ lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní irúgbìn ọmọ kò sí lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ó kéré. Kò sí rárá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà bi í bóyá ṣegede ti mú un rí nígbà tó ń bàlágà.

"Ìmọ́lẹ̀ kọ́," ló wí. "Báàjì tí mo fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, kò ka nǹkan kan. Ṣegede ni."

Mo rántí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Èmi ni mo fi aró kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, tó ń rìn gatagata, tó ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ sí ọsibítù, mo ní kó yé ṣe bí ọmọdé, ó máa lọ.

Tiwátọ́pẹ́ ti wà nílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Akin, jọ̀ọ́. Akin, torí rẹ ni. Torí kí n má baà pàdánù rẹ ni."

"Dìde," ló wí. "Ilẹ̀ yẹn tutù, kò dáa fún aláboyún." Ohùn tí èèyàn fi ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ìfọ́n pé ìdána kò sí mọ́ àti ohun tí ìwé sọ, Màmá Tiwátọ́pẹ́ pàtẹ́wọ́. "Mo sọ ọ́! Mo ní ìmọ́lẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán!" Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń yọ̀ pé òótọ́ lòun sọ, kó tó rántí bi ara rẹ̀ pé ta ló wá ni oyún. Wọ́n kó ẹrù ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìmẹ̀rì. Àwọn èèyàn Sylvanus kò wá mọ́. Ẹbí Tiwátọ́pẹ́ bi í ta ló fún un lóyún, wọ́n nà án, wọ́n tún bi í. Kò dárúkọ mi títí di òní.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni mo sin Akínfẹ́mi lọ sí gáréèjì, kó lè wọ ọkọ̀ Èkó. Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọmọ tó lè ṣe irú nǹkan báyẹn, kò yẹ ọ́." Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ó yọ ìwé mìíràn nínú báàgì, ó nà án sí mi. "Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú ìyàwó àti ọmọ wọ Jámánì nìyẹn. Mo ti kọ orúkọ Tiwá sí i. Ti ọmọ nìkan ló ṣófo."

Mo gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti fóònù mi ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe tèmi, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sunkún. Nígbà tó yá, mo ní, ṣebí wọ́n ní n kò lè bímọ, ọmọ náà rèé. Ohun kan ṣoṣo tí mo wá gbọ́ ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi."

Mo dì í lápá. "Akínfẹ́mi, ó wà ní Ìmẹ̀rì, kò jìnnà. Jẹ́ ká lọ bá a. Ó fẹ́ sọ ọ́, mo fi Ọlọ́run búra, ó fẹ́ sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó là." Ó rọra yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Mo sì rí yín nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú mi, nígbà tí ẹ mi orí. Ìdí tí mo fi tún bi í lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Tiyín ló gbọ́, kò gbọ́ tèmi."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku gáréèjì, bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ó ní kí n kí wọn nílé, ó sì wọ ọkọ̀.